Ìlà Tí Mo Fi Kún Ìsàlẹ̀ Lẹ́tà

Lalupon,
9 Oṣù Kẹfà, 1962.

Ẹ̀gbọ́n mi Títílọpẹ́,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Jọ́ọ̀sì. Ìyá wa ń kí yín. Àgbàdo ti gbó lóko.

Ẹ̀gbọ́n mi, àyà mi ń já. Ẹ mọ̀ pé kábọ̀n, ìwé dúdú tó ń tẹ ohun tí mo bá kọ sórí ìwé tó wà nísàlẹ̀, ni mo fi máa ń kọ lẹ́tà kan náà sí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó kọjá, mo ti kọ ọ́ tán kí ibà tó dá Bàbá wa dùbúlẹ̀. Ìyá ní kí n fi kún ìsàlẹ̀ ti àwọn mẹ́ta yòókù pé, "Ẹ tètè wá, kí ẹ lè bá Bàbá láyé." Wọ́n ní kí n má fi kún tiyín, nítorí oyún yín. Mo tún to àwọn ìwé náà mọ́ kábọ̀n, mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì gbàgbé láti yọ tiyín kúrò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ ọkọ̀ ojú irin. Bàbá ti mu ẹ̀kọ láàárọ̀ yìí. Ẹ fi wáyà ránṣẹ́ pé ẹ ṣì wà nílé. Ọlọ́run á sọ̀ yín kalẹ̀ láyọ̀.

Àbúrò yín,
Wándé.

Bàbá ní ẹ ò ní gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ mọ́. Bàbá fúnra wọn ló tẹ àtàǹpàkò sísàlẹ̀ yìí. Kì í ṣe ti kábọ̀n.