Ọwọ́ Tí Mo Jù sí Yín Láti Orí Ọkọ̀ Fàájì

Ìye mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú omi, ẹ kú ìdí ẹja yíyan, ẹ kú èéfín tí kì í jẹ́ kí ojú yín gbẹ. Èmi Tèmídayọ̀, ọmọ yín, dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà. Mo kí Bọ́sẹ̀ àbúrò mi, àtàwọn ọmọ rẹ̀ tí mi ò tíì fojú kàn. Mo kí Bàbá Tíṣà, nítorí mo mọ̀ pé àwọn ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí láti inú ìwé ìròyìn lórí afárá pákó níwájú ilé, tí gbogbo Màhíntẹ̀dó yóò sì pagbo tì wọ́n. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ìlà kankan. Ojú gbogbo ìlú ni wọ́n ti sìn mí lọ, ojú gbogbo ìlú náà ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́.

Ìye mi, ẹ wá ibi jókòó. Libreville, ìlú òkèèrè tí ẹ rò pé mo wà, kọ́ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Ìgbókọ̀dá ni mo wà, ó sì ti lé lọ́dún kan.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo ń lọ. Ẹ gbàdúrà títí ohùn yín fi há. Èmi náà, tí ẹnu mi kì í sinmi, mo dìde dúró nínú ọkọ̀, mo ní ẹ́ńjìnnì méjì ni màá gbé wálé, ọ̀kan fún ilé wa, ọ̀kan fún èbúté, kí ìlú máa fi gbé aláìsàn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi pẹja ní Libreville pẹ̀lú àwọn ọmọ Ìlàjẹ ẹgbẹ́ mi, nǹkan ń lọ díẹ̀díẹ̀, àfi ọjọ́ tí ìjì ká wa mọ́ ojú òkun. Ọlọ́run yọ ẹ̀mí wa, ṣùgbọ́n ọkọ̀ lọ, àwọ̀n lọ, ẹ́ńjìnnì lọ. Mo di ẹni tó ń fọ abọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì, níbẹ̀ ni mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ síwájú èèyàn pàtàkì. Nígbà tó tó ọdún kan, ó sú mi, mo di báàgì kan ṣoṣo, mo wọ mọ́tò.

Ilé ni mo ń bọ̀ o, Ìye mi. Mo dé èbúté Ìgbókọ̀dá ní ọ̀sán, ọkọ̀ Màhíntẹ̀dó ń kó èrò, ó ku ẹnì kan kó kún. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sínú rẹ̀. Obìnrin kan sún kí n lè ráyè jókòó. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ẹ́ńjìnnì méjì. Mo yọ ẹsẹ̀ mi, mo ní mo gbàgbé nǹkan, wọ́n sì lọ. Ohun tí mo gbàgbé náà ni mi ò tíì rí mú di òní.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ríṣẹ́ sórí ọkọ̀ fàájì. Ẹ lè má mọ orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ mọ ọkọ̀ náà: ọkọ̀ funfun alájà méjì tí iná yí ká, tí àwọn ọmọdé máa ń sáré jáde wò. Àwọn àlejò máa ń ti Èkó àti Àkúrẹ́ wá jẹun ìrọ̀lẹ́ lójú omi. Aago mẹ́rin ààbọ̀ la máa ń ṣí. A ó wọ àárín igbó ẹ̀gbà, igi tó ń hù lójú omi, wọn á wo oòrùn bó ṣe ń wọ̀, wọn á wo lékèélékèé tó ń wọ́ bọ̀ láti ibi oúnjẹ, wọn á jẹ tiwọn náà, a ó sì yí padà. Afọ̀nàhàn wa á di gbohùngbohùn mú, á ní inú ijù la wọ̀ yìí, ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn kì í dé. Ibi tó ń wí yẹn ni mo ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ẹ̀yìn igi ẹ̀gbà tí wọ́n ń yà ní fọ́tò ni Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, máa ń dẹ ìgèrè sí. Èmi á dúró tì wọ́n pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, màá rẹ́rìn-ín músẹ́, màá pa ẹnu mi mọ́.

Ẹ gbọ́ èyí kí ẹ rẹ́rìn-ín: inú yìnyín ni ẹja tí à ń yan fún wọn ti ń wá láti Èkó. Púpurú, òkèlè wa tí ẹ máa ń fi dí mi nínú títí n ò fi ní lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, róbótó bí ẹyin ẹyẹlé ni tiwọn, mẹ́ta péré nínú àwo ńlá, pẹ̀lú ewé kan lórí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e fún mi, mo rò pé wọ́n ní kí n tọ́ ọ wò ni.

Àdáwà tí mo rí ní Libreville, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìgbókọ̀dá. Níbẹ̀, bí mi ò bá rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, mo lè ní èdè wọn ni mi ò gbọ́. Níbí, tó bá di ọjọ́ ọjà, ohùn Ìlàjẹ á máa gba ojú fèrèsé mi kọjá láti àárọ̀: ẹni tó ń ná edé, ẹni tó ń fi ọkọ rẹ̀ sùn, ẹni tó ń pariwo “ọma mi” sí ọmọ rẹ̀ kó má bọ́ sómi. Màá ti ilẹ̀kùn, màá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ará ilé kankan má baà rí mi. Nígbà mìíràn màá máa dá wọn lóhùn láti inú yàrá, níwọ̀n tí etí mi nìkan lè gbọ́. Ó máa ń dùn mí dé eegun.

Nọ́ńbà ti Libreville ni mo ṣì fi ń pè yín lórí Wasáàpù, òun ni ẹ kò fi mọ̀. Ẹ máa ń béèrè bóyá ara mi le, bóyá mo ń jẹun, bóyá mo ti rí ìyàwó. Owó kékeré tí mo ń fi ránṣẹ́, ẹ máa ń ní kí n má torí rẹ̀ febi pa ara mi. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ òjò yẹn? Ẹ ń sọ fún mi pé ojú ọ̀run ti ṣú lọ́dọ̀ yín. Àrá sán, mo gbọ́ ọ nínú fóònù, mo tún gbọ́ ọ lórí òrùlé mi. Ẹ dákẹ́. Nígbà tó yá, ẹ ní àrá ibẹ̀ mà jọ ti ibí. Mo ní òjò ni òjò ń jẹ́ níbi gbogbo. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ní kí n yáa gbé korobá síta, kí omi òjò má ṣòfò. Mo gbé e síta, Ìye mi. Òjò kan náà ló rọ̀ kún korobá yín àti tèmi.

Ọ̀nà mìíràn ni ọkọ̀ wa ń gbà tẹ́lẹ̀. Oṣù tó kọjá ni ọ̀gá ní oòrùn Màhíntẹ̀dó ló dára jù láti wò. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti yọ sí kọ́nà tí a ti ń rí ilé àkọ́kọ́, màá sáré sọ̀kalẹ̀ lọ síbi ìfọwọ́, màá kẹ̀yìn sí fèrèsé, màá máa fọ àwo tó ti mọ́. Bí mo ṣe ń kọjá ilé tí wọ́n bí mi sí nìyẹn.

Àfi ọjọ́ Ẹtì kan. Ìyá àgbàlagbà kan wà lórí ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ rẹ̀ mú un wá ṣe ọjọ́ ìbí. Bí mo ṣe fẹ́ sọ̀kalẹ̀ báyìí ni ó di apá mi mú, ó ní kí n mú òun dé etí ọkọ̀ kí òun lè rí omi dáadáa, ẹsẹ̀ òun ò mọ orí ọkọ̀ dúró. Mo wo kọ́nà, mo wo ìyá. Ta ni yóò já ọwọ́ àgbà sílẹ̀? Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú, a rọra lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti rí yín.

Ẹ̀yin nìkan nínú ọkọ̀ kékeré, aṣọ búlúù yẹn náà ni ẹ fi wérí, ẹ ń bọ̀ láti ìdí ìgèrè. Kí n tó rí ojú yín ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni, nítorí bí ẹ bá ti fi àjẹ̀ wa omi lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ máa ń fi í gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ti rù. Ọrùn yín ti di ti ìyá àgbà.

Gbogbo ọmọ omi ló mọ̀ pé bí ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì bá rí ọkọ̀ alájẹ̀, ẹ́ńjìnnì ló ń rọlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ sínú ìwé. Bàbá mi máa ń ní ẹni tí kò bá dẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún arúgbó, ẹni náà ò ní ìyá. Ṣùgbọ́n awakọ̀ wa ń lé oòrùn bá fún àwọn àlejò, kò dẹ̀ ẹ́. Ìgbì ọkọ̀ wa gbéra, mo ń wò ó bó ṣe ń lọ bá yín. Ẹ yí orí ọkọ̀ kọjú sí i, bí ẹ ṣe kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, tí ẹ ní a kì í fi ẹ̀gbẹ́ han ìgbì. Ó gbé yín sókè, ó sọ̀ yín kalẹ̀, ó tún gbé yín. Agbọ̀n ẹja dojú dé sínú omi. Ẹ̀yin ò ṣubú. Nígbà tí omi rọlẹ̀, ẹ gbé àjẹ̀ sókè lọ́wọ́ kan, ẹ nà án sí wa.

Èmi mọ ohun tí àjẹ̀ tí wọ́n bá nà sókè báyẹn ń wí. Ó ń wí pé: ọmọ ta ni yín, ṣé ẹ ò ríran ni? Ṣùgbọ́n àwọn àlejò rò pé ẹ ń kí wọn ni. Inú wọn dùn, wọ́n ń ya fọ́tò, gbogbo wọn ń juwọ́. Èmi náà gbé ọwọ́ mi kan sókè, mo jù ú sí yín. Wọn ò mọ̀, wọn ò jẹ̀bi. Èmi mọ̀. Mo juwọ́ sí ìyá mi bí ẹni tó wá wòran. Ọwọ́ yẹn ni mo torí rẹ̀ ń kọ lẹ́tà yìí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo pè yín, èpè ni mo ń retí. Ẹ sọ fún mi pé ọkọ̀ funfun kan da ẹja yín nù. Mo ní irú ọkọ̀ wo nìyẹn? Ẹ wá ń ṣàpèjúwe ọkọ̀ náà fún mi, èmi tí mò ń nu ilẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ ní ẹja kọ́ ló dùn yín, omi ló ni ẹja. Ẹ ní ẹ rí ọmọkùnrin kan létí ọkọ̀ náà tó di ìyá àgbà kan mú, ó dì í mú dáadáa, bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Ẹ ní ojú yín ò ríran débi tí ẹ ó fi dá a mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbàdúrà fún un lójú omi níbẹ̀, ẹ ní ìyá tó bí i ò ní wá a tì. Lẹ́yìn náà ẹ bi mí bóyá ọkọ̀ ńlá máa ń rọlẹ̀ fún ọkọ̀ kékeré ní Libreville. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dára, mo pa fóònù. Mo sunkún títí di ìgbà iṣẹ́.

Ẹ̀rù wá bà mí gidi. Bí ọkọ̀ wa bá ń sáré kọjá báyẹn lójoojúmọ́, ìgbì rẹ̀ á dà yín sómi lọ́jọ́ kan, èmi á sì wà nísàlẹ̀, màá máa fọ àwo. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n rọra, wọn á béèrè kí ló kàn mí, mo sì ti sọ fún gbogbo wọn pé ọmọ Èkó ni mí. Ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó. Ní ọjọ́ kẹta mo lọ bá awakọ̀ níbi tó ti ń da epo, mo ní kó jọ̀wọ́ máa dẹ̀ ẹ́ láti kọ́nà títí dé ilé tó gbẹ̀yìn. Ó ní ìgbà wo ni agbáwo wá di ọ̀gá òun. Mo ní obìnrin tó wà nínú ọkọ̀ kékeré lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá mi ni.

Ó ti pẹ́ tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn kẹ́yìn. Awakọ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Ó béèrè èwo ni ilé wa, mo ní èyí tí wọ́n fi páànù tuntun mẹ́ta lẹ̀ láàárín èyí tó ti dípẹtà. Ó ní ọmọ etí omi ni òun náà, ìyá òun ti kú, ó sì béèrè bóyá orí mi pé, kí ilé ìyá èèyàn wà níbẹ̀ yẹn kí èèyàn máa fọ abọ́. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń dẹ̀ ẹ́. Àwọn àlejò kan ráhùn pé oòrùn ti fẹ́ wọ̀ tán, ó ń rọra lọ ní tirẹ̀. Afọ̀nàhàn pàápàá ti yí ẹnu padà, ó ní ìlú àwọn èèyàn la ń gbà kọjá yìí.

Ìgbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ẹ sọ fún mi pé ọkọ̀ funfun ti kọ́ ìwà, ẹ ò mọ ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ wá dákẹ́, bí ẹ ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ àrá. Ìye mi, mo rò pé ẹ ti mọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tó ọdún méjì tó ti rẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó bá tẹ̀lé ọjọ́ tí Bàbá Tíṣà bá ka lẹ́tà yìí, mo ń bọ̀. Awakọ̀ ti gbà láti fi ọkọ̀ sún mọ́ afárá wa. Mi ò mú ẹ́ńjìnnì kankan bọ̀, báàgì kan náà ni. Mo mọ̀ pé ará ìlú á sọ mí ní Ẹlẹ́ńjìnnì Méjì títí n ó fi darúgbó, mo ti gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin bá ń bínú, ẹ dúró lórí afárá kí ẹ na àjẹ̀ yín sókè. Mi ò ní juwọ́. Màá dọ̀bálẹ̀ ni.

Bọ́sẹ̀, bá mi tọ́jú Ìye di ọjọ́ náà, kí o sì ro púpurú tó tó èèyàn. Mo kí gbogbo ilé, láti ilé àkọ́kọ́ dé èyí tó gbẹ̀yìn. Kí omi má gbé ẹni wa lọ, kí ìgèrè yín má ṣe gbé òfìfo wálé, kí ẹ̀mí yín gùn débi tí ẹ ó fi bá mi wí tẹ́rùn. Tí oòrùn bá ń wọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí ẹ sì gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì kan rọlẹ̀ ní kọ́nà, ẹ má wo ọ̀nà Libreville mọ́. Èmi ni,

ọmọ yín,
Tèmídayọ̀.