Ohùn Rẹ Tí Mo Gbé Pamọ́

Ọmọ mi, ìyá Ọ̀gá Kékeré,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìdúró, mo kí ọ kú làálàá ìlú ńlá. Ìwé yìí yóò bá ọ nínú àlàáfíà, orí rẹ kò sì ní dàrú níbi tí o ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Bá mi kí ọkọ rẹ nígbà tó bá ti ìrìn àjò dé, awakọ̀ tó mọ ojú títì ju ojú ìyàwó lọ. Ìyá rẹ náà ń kí ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ohun tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀ náà ni mo ń bọ̀ wá rò fún ọ.

Iṣẹ́ káfíńtà ń lọ díẹ̀díẹ̀, a dúpẹ́. Owó tí o fi ránṣẹ́ wọlé. Àwọn báńkì ló kọ̀wé sórí fóònù mi kí ìwọ tó sọ ọ́, mo sì wọ ṣòkòtò mi tó dáa lọ bá wọn láti dúpẹ́ pé wọ́n rántí mi. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní ẹ̀rọ ló ń kọ ọ́, kì í ṣe èèyàn. Mo ní kó bá mi kí ẹ̀rọ náà.

Ọmọ mi, mi ò pè ọ́ nítorí pé bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, irọ́ ni n ó tún pa. Gbogbo ìgbà tí o ń béèrè bí ọmọ ṣe ń sùn, tí mo ń sọ pé ó ń sùn fọnfọn, irọ́ ni. Ọmọ rẹ ò sùn. Ẹ̀bi mi sì ni.

Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tí o gbé e wá bá wa nítorí iṣẹ́ tuntun rẹ, o kọ orin tí o fi máa ń tù ú sùn sínú fóònù mi. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ á wẹ̀ ẹ́, á fi ìpara pa á lára, èmi á tẹ fóònù, ìwọ á bẹ̀rẹ̀ orin, orin náà ò sì ní tíì dé ìdajì tí ọ̀gá mi á ti máa hanrun. Ìgbádùn ni, kò sí ẹkún, kò sí àròyé. Àfìgbà tí o pè wá lọ́jọ́ kan tí ohùn rẹ há, tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. O ní òtútù ló mú ọ. Mo ní hẹn, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà á.

Èmi mọ ohun tí mo mọ̀. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo ra kásẹ́ẹ̀tì olórin kan, mo ń lò ó láàárọ̀, mo ń lò ó lálẹ́, títí ohùn ọkùnrin náà fi di tín-ín-rín, tó wá ń kọrin bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Kò pẹ́ sígbà náà la gbọ́ pé ó ti kú. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè, ṣùgbọ́n mo mọ ipa tí mo kó níbẹ̀.

Mo wá rò ó wò pé iṣẹ́ ohùn ni ọmọ mi ń ṣe. Àárọ̀ dalẹ́ lo fi ń dá àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ yín lóhùn lórí fóònù, wọ́n ń bínú, ìwọ ń bẹ̀ wọ́n. Bí àwa náà bá tún ń fa ohùn kan ṣoṣo yìí níbí lálaalẹ́, tí èmi fúnra mi sì tún ń fà á lọ́sàn-án ní ìsọ̀ nítorí pé orin náà dùn mọ́ mi, kí ló máa ṣẹ́ kù fún ọ? Bí ohùn tán, iṣẹ́ tán nìyẹn. Mo pa fóònù, mo fi aṣọ wé e, mo tì í mọ́ inú àpótí irinṣẹ́ mi. Ìyá rẹ ní ká pè ọ́ lórí fóònù kékeré tòun ká bi ọ́. Mo ní ṣé ó fẹ́ kí o tún máa sọ̀rọ̀ ni? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tètè dágbére nígbàkúùgbà tí o bá pè. Kì í ṣe pé mò ń bínú sí ọ.

Ọjọ́ náà gan-an ni oorun bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ á dùbúlẹ̀, á dìde, á wo àga tí fóònù máa ń wà, á wo ojú mi. Mo ní bẹ́ẹ̀dì ni ò dáa. Mo kan òmíràn, mo ha igi rẹ̀ kó dán, mo fi ọ̀pá yí i ká kó má baà já bọ́. Ó gun ún jáde bí ọmọ ológbò. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì sójú fèrèsé, mo gbé e kúrò níbẹ̀. Mo pọ̀n ọ́n, èmi tí orúnkún ń dùn, mò ń rìn yí ilé po, èmi ni mo sùn lórí ìdúró, òun ń wò mí. Gbogbo àdúgbò ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo kàn, ọmọ inú ilé mi nìkan ni ò rójú sùn. Lójúmọmọ, á máa tòògbé láàárín èérún igi ní ìsọ̀, á ta gìrì, á bú sẹ́kún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí a máa ń fà ṣeré ti jò.

Ìyá rẹ ló fipá mú mi, a gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n ń kọ káàdì fún un, wọ́n béèrè iṣẹ́ aláìsàn. Mo ní kò tíì níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ń bá mi ṣa ìṣó. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ara rẹ̀ ò gbóná, etí ò dùn ún. Ó bi wá kí ló yí padà nínú ilé. Mo ní kò sóhun tó yí padà. Ìyá rẹ wò mí. Mo ní àfi bẹ́ẹ̀dì tuntun. Ó tún wò mí, ó wá tú gbogbo àṣírí síta.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Inú bí mi, mo ní bó bá jẹ́ ohùn ọmọ tirẹ̀ ló ń tán lọ, ṣé á rẹ́rìn-ín? Ìgbà tó rí i pé mi ò ṣeré, ó gbé ẹ̀rín mì. Ó ní bàbá, ohùn inú fóònù dà bíi fọ́tò, bí ẹ bá wo fọ́tò èèyàn dọ̀la, ojú onítọ̀hún ò ní ṣá. Ó ní ohun tí ọmọ mọ̀ ni pé ìyá òun máa ń wá lálaalẹ́, tó wá di ọjọ́ kan tí ò wá mọ́. Ó ní oorun ò jìnnà sí i, ó ń ṣọ́nà ni. Àwọn àgbà ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀, bàbá àgbà ló ní ọmọ ò ní sùn.

A délé, mo yọ fóònù jáde, mo tẹ orin. Mo rò pé ó ti parí. Ọmọ gbọ́ ohùn rẹ, ó dìde, kò sunkún o, ó lọ mú bàtà rẹ̀, ó wọ ti ọ̀tún sí òsì, ó sì lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. A pè é, kò dáhùn. Orin tán, ó ṣì dúró níbẹ̀. Láti ìgbà náà, bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, bàtà ló ń lọ mú. Ọmọ mi, mo kábàámọ̀, ó dùn mí wọra. Nígbà tí o fẹ́ fi í sí ilé tí wọ́n ti ń bá àwọn òṣìṣẹ́ tọ́jú ọmọ, èmi ni mo pariwo pé àjèjì ò ní gbé ọmọ ọmọ mi níṣojú mi. Àjèjì yẹn ì bá máa dá a padà fún ọ nírọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́.

Lọ bá wọn níbẹ̀, kí o gba àyè fún un. Iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ohùn rẹ ò ní há mọ́, ọmọ rẹ ò ní fi ẹkún wá ọ. Bó o ṣe ń tu àwọn oníbìínú lójú, Ọlọ́run á tu ìwọ náà lójú.

Òrùlé ń jò, mo sì nílò ayùn tuntun, ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró. Owó ọkọ̀ ni kí o fi ránṣẹ́ sí mi kíákíá. Ìyá rẹ ti ń fọ aṣọ ọmọ tó mọ́ tẹ́lẹ̀, ó sì ń tún un fọ̀. Ní àlọ, kí o san ti àgbàlagbà kan àti ọmọdé kan. Ní àbọ̀, ti àgbàlagbà nìkan.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.