Ìyàwó Àbúrò Mi Gba Ìtàn Màmá Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ mi, aránṣọ kan tó ń gbọ́ yín lórí rédíò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mí.

Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ ìtàn ayé màmá mi. Bí mo bá ṣíwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń yà sí. Wọ́n á máa sọ, èmi á máa kọ. Àfìgbà tí àbúrò mi gbéyàwó. Ìyàwó yìí ń fi fóònù gba ohùn màmá sílẹ̀, ó ń fi ránṣẹ́ sáwọn ẹbí, gbogbo wọn sì ń yìn ín. Lọ́jọ́ kan, mo bi màmá bí wọ́n ṣe pàdé bàbá wa. Wọ́n ní, "Mo ti sọ ọ́ fún ìyàwó. Lọ gbọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀."

Ó dùn mí wọra. Mo kúkú sọ fún gbogbo ilé pé mi ò kọ mọ́, mi ò sì yà sọ́dọ̀ màmá mọ́.

Ìyàwó wá bẹ̀ mí ní ṣọ́ọ̀bù. "Àǹtí mi, ẹ má dáwọ́ dúró. Èyí tí ẹ kọ ni ọkọ mi fún mi kà, tí mo fi mọ ohun tí mo lè bi màmá."

Ó rò pé òun ń tù mí nínú. Àṣé èmi ni mo ro oko tí òun ń kórè.

Láàárọ̀ yìí, màmá pè mí. Wọ́n ní, "Ìyàwó ń gba ohùn mi o, ṣùgbọ́n ìwọ ni mo máa ń retí nírọ̀lẹ́."

Ẹ̀yin olùgbọ́, mo ṣì ń jowú. Ṣé kí n gbé owú náà dání lọ bá màmá lónìí?