Wọ́n Gé Orí Ìyá Rẹ Kúrò Nínú Fíìmù

Ilé Kápẹ́ńtà,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi,
Inísà.

Mofolúwakẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo sì kí ọ kú ìnáwó lórí wa. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dun Olúwaṣèyítán ọkọ rẹ nítorí àjókòójù ti ń fúyẹ́? Ṣé Ìmọ́lẹ̀olúwa ọmọ-ọmọ mi ti ń fi Yorùbá bèèrè omi, àbí òyìnbó náà ló ṣì ń sọ? Ọlọ́run tó ń mú yín jáde láàárọ̀ yóò máa mú yín wọlé nírọ̀lẹ́, Èkó kò ní gbé yín mì, ẹ kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ní tèmi, mo wà láàyè, mo ń jẹ, mo ń sùn, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń bá mi ṣe awuyewuye nígbà tí pásítọ̀ bá ní ká dìde kọrin.

Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo ní gùn, bí mo bá sì ti ń dé àárín rẹ̀ o máa ń ní kí n jọ̀wọ́, pé ọ̀gá yín ń pè ọ́, ó sì di ọ̀sẹ̀ mìíràn nìyẹn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, obìnrin kan wà nínú fóònù náà tó máa ń dá sí ọ̀rọ̀ wa, tó máa ń sọ fún mi pé o kò sí nítòsí, bí ẹni pé èmi ò mọ̀. N kò fẹ́ kí ó gbọ́ èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni.

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa níbí, àgbàdo ti yọ irùkẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ Ìyá Motọ́láyọ̀, aládùúgbò wa, bí ìbejì, obìnrin náà sì ń kí gbogbo ayé káàkiri bí ẹni pé òun ló bí wọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti ra àga oníke, wọ́n kó àwọn bẹ́ǹṣì tí mo fọwọ́ ara mi kàn sí ẹ̀yìn ilé pásítọ̀, àwọn adìyẹ ló ń jókòó lé wọn báyìí. N kò bínú. Adìyẹ náà nílò ibi ìjókòó.

Ó yá, ká sọ ti tẹlifíṣọ̀n. O ṣé ọmọ mi, Ọlọ́run yóò pèsè fún ọ. Dírẹ́bà Ìkìrun gbé e dé láìfọ́, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ bá a jà, nítorí mo rò pé iwájú rẹ̀ nìkan ló gbé wá, mo sì ń bi í léèrè pé ẹ̀yìn rẹ̀ dà. O mọ bí ẹ̀yìn ti àtijọ́ ṣe rí, ènìyàn méjì ló ń gbé e. Dírẹ́bà búra pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nísinsìnyí, pé kò ní ẹ̀yìn mọ́. Mo ní kò burú, ohun púpọ̀ ni kò ní ẹ̀yìn mọ́ láyé yìí. Olúwadàmọ́lá, ọkùnrin tó ń ta fíìmù ní gáréèjì Ìkìrun, tó máa ń kó o sínú fóònù fún àwọn èèyàn, ló gun ọ̀kadà wá bá mi gbé e kọ́ ògiri. Òun náà ló fi fláàṣì tí o fi ránṣẹ́ sínú rẹ̀, ó ní fíìmù ìgbéyàwó tí wọ́n yà ní Òkukù ló wà níbẹ̀, pé àwọn tó ni ín ti fọ̀ ọ́, ó ti mọ́ tónítóní. Inú mi dùn débi pé mo lọ wẹ̀, mo wọ bùbá, kí n tó jókòó wò ó.

O kéré nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà, ó lè má yé ọ tán, nítorí náà jẹ́ kí n là á yé ọ. Àwọn aláfíìmù wá sí Òkukù, wọ́n nílò èrò tó máa ya fọ́tò pẹ̀lú ìyàwó àti ọkọ ìyàwó níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Èrò Òkukù kò tó wọn, ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Inísà, wọ́n sì ní kí kápẹ́ńtà gbé bẹ́ǹṣì gígùn kan wá tí àwọn tó máa wà lẹ́yìn lè dúró lé. Èmi ni kápẹ́ńtà náà. Wọ́n kó àwọn ará Òkukù jókòó síwájú, wọ́n kó àwọn tiwa gun orí bẹ́ǹṣì, ìyá rẹ sì wà láàárín wọn gan-an, nítorí o mọ̀ pé Jemima ga, èmi fúnra mi ń wòkè kí n tó rí i. Ọ̀gá aláfíìmù pariwo pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wo kámẹ́rà, ìyàwó ni kí gbogbo wọn máa wò. Ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà ni èmi dúró sí, mo mú ìṣó sẹ́nu, bóyá bẹ́ǹṣì á mì. Ni mo bá rí i pé gèlè ìyá rẹ ti ń yọ̀, mo ń juwọ́ sí i pé kó tún un ṣe. Ó yíjú kúrò lára ìyàwó, ó ń wá mi kiri, ó rí mi, ó gbé ọwọ́ sókè mú gèlè, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà bínú, ṣùgbọ́n oòrùn ti ń lọ, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a kọ́kọ́ ní kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, òjò ni ó máa ń rọ̀ látòkè délẹ̀ nínú àwòrán náà, ìyàwó pupa bí ata, ọkọ ìyàwó dà bí ẹni tí iná jó, ṣùgbọ́n bó bá ti kan ibẹ̀, gbogbo ilé ló máa pariwo pé Ìyá Mofolúwakẹ́ rèé, Ìyá Mofolúwakẹ́ rèé. Ẹ̀rọ ló jẹ kásẹ́ẹ̀tì náà níkẹyìn, ó tú ìfun rẹ̀ síta. A ra ti síìdì. Ti síìdì kò ní òjò, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ ojú èèyàn di igun mẹ́rin mẹ́rin kéékèèké, bí búlọ́ọ̀kù tí kò tíì gbẹ. Lẹ́yìn tí ìyá rẹ kú, síìdì náà há, ibi ẹ̀rín rẹ̀ gan-an ló sì máa ń há sí, kò ní lọ, kò ní bọ̀. Àwọn èèyàn ní kí n jù ú nù. Ta ló máa jù ú nù? Mo máa ń jẹ́ kó há síbẹ̀, mo máa jẹun mi tán, mo máa sọ bí ọjọ́ ṣe lọ fún un, títí nẹ́pà á fi mú iná lọ. Nígbà tó wá há pátápátá tí kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́, ni mo sọ fún ọ lórí fóònù pé fíìmù wa ti bàjẹ́, ìwọ náà sì fi tuntun ránṣẹ́. Nítorí náà kì í ṣe pé mo fẹ́ dá ọ lẹ́bi o.

Mofolúwakẹ́, tuntun náà mọ́. Ó mọ́ jù. Mo rí ibi tí àtíkè ìyàwó parí sí lọ́rùn. Mo rí gúlù tí wọ́n fi lẹ irùngbọ̀n bàbá ìyàwó. Mo rí ìṣó kan tí mo gbá wọ́ lára bẹ́ǹṣì, ojú sì tì mí níwájú ara mi. Nígbà tó wá dé ibi fọ́tò, mo rí aṣọ àǹkárá aláwọ̀ ewé tí mo rà fún un, mo rí báàgì rẹ̀, mo rí ọrùn rẹ̀. Orí kò sí níbẹ̀. Wọ́n gé orí ìyá rẹ. Mo dìde, mo lọ wo òkè tẹlifíṣọ̀n náà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, ògiri ni mo bá.

Mo kọ́kọ́ rò pé nítorí pé ó ti kú ni, pé ó lè jẹ́ òfin wọn ní Èkó pé ẹni tó bá ti kú kò gbọ́dọ̀ sí nínú èyí tó mọ́. Ṣùgbọ́n Díákónì Tímótì ti Òkukù jókòó síwájú, ó kú ṣáájú ìyá rẹ, èmi ni mo kan pósí rẹ̀, orí rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀ digbí. Bàtà rẹ̀ nìkan ni n kò rí. Ni mo bá wo àwọn yòókù. Gbogbo àwọn ará Òkukù tó jókòó síwájú ló lórí, gbogbo obìnrin Inísà tó wà lórí bẹ́ǹṣì ni kò ní. Mo ní áà, ọ̀rọ̀ ìlú rèé. Mo lọ bá pásítọ̀, mo ní kí wọ́n kéde ààwẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ bá Olúwadàmọ́lá ná, bí kò bá rí i ṣe, wọ́n á kéde.

Olúwadàmọ́lá ní kò sí ìjà kankan nínú rẹ̀. Ó ní ojú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lóròó àti níbùú, ti ìsinsìnyí sì fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Ó ní nígbà tí wọ́n ń fọ fíìmù náà, wọ́n fẹ̀ ẹ́ kí ó lè kún ojú tuntun yìí, ohun tó bá sì yọ lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n gé e dànù. Mo ní ṣé bí ilẹ̀kùn kò bá bá férémù mu, ẹni tó fẹ́ wọlé ni wọ́n ń gé lórí? Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀ mí.

Mo délé, mo rò ó. Mo ní bí orí náà bá yọ lókè, kò lè jìnnà. Mo ra pílíwúùdù, mo gé e bá ìbú tẹlifíṣọ̀n náà mu, mo fá a kó dán, mo fi ọ̀dà funfun kùn ún, mo kàn án mọ́ ògiri lókè rẹ̀ gẹ́lẹ́, kí orí ìyá rẹ lè rí ibi bọ́ sí. Iṣẹ́ náà mọ́, bí o bá rí i wàá yìn mí. Iná dé, mo tan fíìmù, mo jókòó. Ó dé ibẹ̀. Kò yọ. Mo tún un tàn. Ìyá Motọ́láyọ̀ wá tọrọ iyọ̀, ó bi mí pé kí ni pátákó yẹn ń ṣe lókè, mo sì sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, lẹ́yìn náà ó wo ojú mi, ó ní òun máa lọ bu ẹ̀wà wá fún mi. Ó gbàgbé iyọ̀ náà síbẹ̀.

O lè sọ pé ṣebí fọ́tò ìyá rẹ wà. Àwọn fọ́tò inú àpótí, omi òrùlé ti pa wọ́n rẹ́ lọ́dún tí ìjì ká páànù. Ti pósítà ìsìnkú tó wà ní pálọ̀ ló kù, inú káàdì ìdìbò rẹ̀ ni a sì ti yọ ọ́, níbi tí wọ́n ti ní kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Obìnrin yẹn kì í ṣe ìyá rẹ. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń dúró de nọ́ńbà rẹ̀ lórí ìlà.

Ohun tó wá ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyí. Nígbà tí mo bá ń wo tuntun yìí, mo máa ń rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń gòkè lọ mú gèlè, ọwọ́ náà á sì pòórá lókè. Mo máa ń di ojú mi, mo máa ń fi ọkàn parí ìyókù. Ojú tó ń wá, ojú pósítà ni. Mo tún gbìyànjú láàárọ̀ yìí kí n tó mú bírò, ojú pósítà náà ló tún wá. Mo ti ń gbàgbé ẹ̀rín ìyá rẹ, Mofolúwakẹ́. Ilé yìí dákẹ́ tẹ́lẹ̀, mo ti gbà pé kó dákẹ́, ṣùgbọ́n n kò tíì gbà pé kí ìyẹn náà lọ.

Nítorí náà, owó oúnjẹ tí o máa ń fi ránṣẹ́, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, ẹ̀wà Ìyá Motọ́láyọ̀ wà. Fi owó náà wá èyí àtijọ́ fún mi. Ó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Èkó, nínú kásẹ́ẹ̀tì ni o, nínú síìdì ni o. Ì báà há, kí ojú gbogbo wọn pupa, kí ó má ṣáà ti gé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun máa bá ọ fọ̀ ọ́, sọ fún un pé bàbá rẹ ní rárá. Bí o bá sì rí i, má fi sínú fóònù, má fún dírẹ́bà. Gbé e wá fúnra rẹ, kí o mú Ìmọ́lẹ̀olúwa dání, nítorí ojú pósítà nìkan ni ọmọ yẹn mọ̀ sí ìyá rẹ, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Kí owó díẹ̀ tẹ̀ lé e fún iná onísóláà, kí iná má baà lọ nígbà tí a bá dé ibẹ̀.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní jábọ́. Wàá pẹ́, wàá dàgbà, ọkọ rẹ yóò dàgbà tì ọ́. Ẹni tó bá sì máa rántí rẹ lọ́jọ́ ogbó, ẹ̀rín rẹ ni yóò rántí. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Titus.