Kòkó Tí Mi Ò Gbọ́ Mọ́

Bàbá mi àtàtà,

Kòkó ọdún yìí bàjẹ́, ọwọ́ èmi náà ló sì ti bàjẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí aláròká kan láti Atosin tó wá bá yín níbẹ̀ yẹn, kó sì fi iyọ̀ sí i.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe kọ́ mi: kí n bu kòkó ní ẹ̀kúnwọ́ lórí tapólì tí a sá a sí, kí n gbé e sún mọ́ etí, kí n fún un mọ́wọ́. Tó bá ti gbẹ, á dún ṣàkàṣàkà. Tó bá ṣì lómi nínú, kò ní fọhùn. Lọ́dún yìí, gbogbo èyí tí mo bù ló dákẹ́ sí mi lọ́wọ́. Mo rò pé òjò ló fà á. Mo sá èyí àkọ́kọ́ títí, mo ń retí kó dún, àfi ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wẹ́wẹ́. Inú bí mi. Nígbà tó kan ìkejì, mi ò dúró de ìró kankan mọ́, ojú ni mo fi wò ó tí mo fi dì í sápò. Nígbà tí a máa tú àpò, ó ti bu, ó funfun kanlẹ̀.

Ọkọ mi ò bá mi jà. Ó kàn bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú èyí tó kù lórí tapólì, ó fún un mọ́wọ́ létí, ó mi orí pé ó ti tó kó. Mo gba ẹ̀kúnwọ́ yẹn gan-an lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún un mọ́wọ́ létí tèmi. Kò sí nǹkan kan. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé etí mi ni, Bàbá.

Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe mí, mo kàn ń wá ẹni tí màá dì í rù ni. Bí mi ò bá gbọ́ fóònù, màá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Bí ìwàásù ò bá yé mi, màá ní àlùfáà tuntun ò la ẹnu. Òjò á ti bẹ̀rẹ̀ lórí páànù kí n tó mọ̀ pé mo láṣọ níta. Nǹkan kan sì wà tó ń han wíínwíín nínú etí mi tí kì í sinmi.

Ìgbà náà ni ìṣe tiyín wá yé mi. Ẹ kì í gbé ojú kúrò lẹ́nu ẹni tó bá ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí àwọn èèyàn bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin lẹ máa ń rín kẹ́yìn. Ẹ pa jíjókòó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ yín ní Odode tì, gbogbo wa pè é ní ìgbéraga àgbà. Màámi rò pé odì lẹ ń bá àwọn yàn. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa pé etí yín ò gbọ́ dáadáa mọ́? Àbí ẹ̀yin náà ń wá ẹni tí ẹ máa dì í rù?

Mo ti lọ rí dókítà etí l'Ákùúrẹ́. Kò sí oògùn rẹ̀, èyí tó ti lọ ti lọ. Mo gbé ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ etí wò níbẹ̀: ariwo ló pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ò yé mi síbẹ̀. Àbígbẹ̀yìn mi lohùn rẹ̀ tín-ín-rín jù nílé, òun sì ni mo kọ́kọ́ pàdánù. Tẹ́lẹ̀, tó bá ti ilé ìwé dé, ọ̀dọ̀ mi ló ń sáré bọ̀ wá rojọ́. Ní báyìí, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń gbà lọ. Mo ń wo ẹnu wọn láti ilé ìdáná, ó ń dùn mí wọra.

Ṣùgbọ́n ohun tó fọ́ mi lọ́kàn jù nìyí. Lọ́jọ́ tí ẹ lọ, nígbà tí ẹ ò lajú mọ́, mo fẹnu mọ́ yín létí. Mo sọ gbogbo ohun tó yẹ kí ọmọ sọ fún bàbá rẹ̀ kó tó lọ. Láti ìgbà yẹn, òun ni mo gbára lé, pé ohùn mi lẹ gbọ́ kẹ́yìn. Tí ẹkún bá fẹ́ gbé mi lọ, òun ni mo máa ń rọ̀ mọ́. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ̀ pé èmi ni?

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni mo sọ ọ́, Bàbá, torí àwọn èèyàn kún inú yàrá. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló sì ń kọ́kọ́ lọ kúrò létí, mo ti wá mọ̀ báyìí. Ká ní mo mọ̀ nígbà yẹn ni, ǹ bá pariwo.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín dọ́ba.