Wákàtí Méjìdínlógún Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Rẹ

                                        Spruce Cove,
                                        Newfoundland.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá.

Bernadette, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé o ń sùn, ṣé o ń jí? Iṣẹ́ ìdáná ní àgọ́ àwọn awakùsà ní Alberta ńkọ́? Ṣé ìbọ̀sẹ̀ tí mo hun ránṣẹ́ ti dé? Ara Màmá yín le, ẹsẹ̀ nìkan ló ń dùn wọ́n. Marcella ló ń bá wọn la igi láràárọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, Marcella náà. Ojú ń tì í. Ó bi mí níjọ́sí pé, "Loretta, kò sí bí a ṣe lè dá wákàtí yẹn padà fún Bernadette ni?" Mo ní, "Ṣé ṣúgà ni, tí wàá fi wọ̀n ọ́n padà sínú ife?" A rẹ́rìn-ín, àmọ́ díẹ̀ ló kù ká bú sẹ́kún.

O ṣáà mọ àṣà wa nílé iṣẹ́ akàn: ẹni tí wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti pé fún owó ìrànwọ́ àìríṣẹ́ tí ìjọba ń san nígbà òtútù a yẹra, kí tẹlòmíràn náà lè pé. Èmi tí mò ń kọ orúkọ àti wákàtí òṣìṣẹ́ ni mo wá bá ọ nídìí tábìlì pé, "Tìrẹ ti pé, fi ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn yìí sílẹ̀ fún Marcella." O ní, "Ó dá ọ lójú?" Mo ní, "Ìgbà wo ni mo ṣì í kà rí?" O bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ, o ń kọrin lọ sílé.

Àṣé ìjọba ti fi kún wákàtí tí wọ́n ń béèrè! Méjìdínlógún péré ni tìrẹ fi dín, wọn ò sì fún ọ ní kọ́bọ̀. Bí o ṣe gbé àpò wọkọ̀ ojú omi nìyẹn, tó wá ku Màmá nìkan pẹ̀lú yìnyín.

Gbogbo ènìyàn ni mo sọ fún pé ìwé òfin tuntun náà pẹ́ kó tó dé. Bernadette, kò pẹ́. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú àpò épírọ́ọ̀nù mi kí n tó wá bá ọ. Mo rò pé ìwé lásán ni, mi ò já a. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ó sì ń dùn mí gan-an.

Mo jẹ́wọ́ fún Màmá lánàá. Wọ́n bu tíì fún mi, wọ́n ní, "Èmi kọ́ lo ṣẹ̀. Kọ ọ́ sí i."

Bá mi kí àwọn tí ẹ jọ ń dáná. Bí o kò bá fèsì, mi ò ní bínú. Bí o bá sì fèsì, bó tilẹ̀ jẹ́ èébú, màá kà á lọ́jọ́ tó bá dé.

Tìrẹ ṣì ni mí, bí o bá ṣì ń fẹ́ mi,
Loretta.