Àpótí Tí Mo Kàn Sẹ́yìn Alùpùpù

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Táńkì Omi.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Tíṣà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń ro ọ́ ti lọ sílẹ̀, àbí o ṣì ń na gbalaja sórí bẹ́ǹṣì kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé? Alùpùpù rẹ náà ńkọ́? Mo ní láti béèrè rẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí mo mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn kan lọ nínú àwọn tí mo ti kí. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Màámi ń kí ọ. Ẹsẹ̀ wọn ti yá, ẹnu wọn ní tirẹ̀ kò sì ṣàìsàn rí.

Mo gba lẹ́tà rẹ, mo sì rí máàpù tí o yà sẹ́yìn rẹ̀. O fi yíǹkì pupa kọ ọ́ pé oríta ilé epo ni ká ti pàdé, aago méje àárọ̀, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, ká tó jọ kọrí sí ìlú orí òkè. Mi ò yẹ àdéhùn o. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí n má lè lọ mọ́, ọ̀rọ̀ kan sì wà níbẹ̀ tó yẹ kí o gbọ́ lọ́dọ̀ mi kí o tó fojú ara rẹ rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́la.

O mọ̀ pé láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ọ̀gá wẹ́dà ti ìlú yẹn dé tó sì ròyìn rẹ̀ fún wa, ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ìlú tí wọ́n ti ń kí alùpùpù káàbọ̀ kí wọ́n tó kí ẹni tó gùn ún! Ó ní obìnrin tó ni òtẹ́ẹ̀lì tí òun dé sí kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ́ńjìnnì ò gbóná jù, kó tó béèrè bóyá òun fúnra òun ti jẹun. Wọ́n ní yàrá tí wọ́n ti ń yá bàtà tútù níná. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, pákó pẹlẹbẹ kéékèèké wà nínú apẹ̀rẹ̀, èyí tí èèyàn máa fi sábẹ́ ẹsẹ̀ alùpùpù kó má baà rì sínú ẹrẹ̀. Ìwọ ń ronú nípa kọ́nà mọ́kànlélógójì tó wà lójú ọ̀nà. Èmi ń ronú nípa ẹni tó gé àwọn pákó yẹn, mo sì fẹ́ lọ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Nígbà tó ku oṣù kan, mo ní kí n kan àpótí ẹrù. Ẹlòmíràn ì bá ra báàgì, kó so ó mọ́ ẹ̀yìn, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n káfíńtà wo ló máa gbé báàgì lásán lọ sí irú ìlú bẹ́ẹ̀? Mo mú igi líle tó ṣẹ́ kù lára tábìlì tí mo kàn fún ilé ẹjọ́, mo gbẹ́ eyín sí i létí kí wọ́n lè wọ inú ara wọn, mi ò kan ìṣó kan ṣoṣo. Mo fi idẹ sí igun rẹ̀, mo kùn ún lẹ́ẹ̀mẹrin. Dúrọ́ọ̀ méjì ló ní, ọ̀kan fún ìbọ̀sẹ̀ nìkan. Tíṣà, bí kì í bá ṣe pé ọ̀run jìnnà, ò bá ní kí wọ́n fi àpótí yìí sin ọ́. Onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì wa, ẹni tí à ń pè ní Afínjú, ní òun ò tíì rí kọ́bọ́ọ̀dù tó ní táyà rí. Mo ní ìlara ló ń dà á láàmú. Èèyàn méjì ló bá mi gbé e lé orí alùpùpù, ibẹ̀ ló sì yẹ kí n ti fura.

Màámi jẹ́ kí n de okùn rẹ̀ tán. Wọ́n yí alùpùpù náà po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n jù ú sínú àpamọ́wọ́ wọn, wọ́n fa síìpù. Wọ́n ní àwọn ò bí ọmọ kan ṣoṣo kí òkè wá bá àwọn pa á. Wọ́n ní bí mo bá lè gbé gbogbo ẹrù náà gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn táńkì omi, kí n dúró pátápátá ní agbedeméjì, kí n sì tún gbéra láì yí sẹ́yìn, kí n máa lọ. Bí mi ò bá lè ṣe é, àpamọ́wọ́ náà ò ní ṣí títí oṣù á fi parí. Mo ní, ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Wọ́n ní ẹni tó pa òwe yẹn ò gbé kọ́bọ́ọ̀dù dání. Mo bẹ̀ wọ́n títí, kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, koko ló ń le sí i.

Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, gbogbo òpópónà jáde. Afínjú fi oníbàárà kan sílẹ̀ pẹ̀lú ààbọ̀ irùngbọ̀n. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Màámi yọ kọ́kọ́rọ́ fún mi, mo dé akoto mi, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo ń juwọ́ sọ́tùn-ún sósì bí olóṣèlú. Mo gun ìdajì àkọ́kọ́, mo dúró, mo tún juwọ́ sí Màámi. Mo wá ní kí n gbéra. Mo fún un níná, mo jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì.

Tíṣà, táyà iwájú gbéra, tẹ̀yìn ò gbéra. Alùpùpù náà dìde dúró ṣánṣán bí ẹni tó gbọ́ orin orílẹ̀-èdè. Mo ń yọ̀ lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí mo fi bá ara mi ní ìjókòó lórí ilẹ̀, tí ọwọ́ mi méjèèjì ṣì nà síwájú bí ẹni tó di nǹkan mú. Òun náà wá sùn jẹ́jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sóhun tó ṣe mí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi ni, “Ẹ bá mi wo àpótí!” Ojú rẹ̀ ò ha rárá, mo búra fún ọ. Dúrọ́ọ̀ ìbọ̀sẹ̀ ò tiẹ̀ ṣí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màámi na ọwọ́ pé kí n dá kọ́kọ́rọ́ padà, tí wọn ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, omi bọ́ lójú mi nínú akoto. Ọdún mẹ́ta, ọ̀rẹ́ mi! Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Ìgbà náà ni ìyàwó mi ní kí wọ́n dúró ná. Ó ní kí Afínjú bá òun tú àpótí náà sílẹ̀. Ó kó ẹrù inú rẹ̀ sínú báàgì méjì, ó so ọ̀kan sọ́tùn-ún, ó so ọ̀kan sósì, ó jẹ́ kí èyí tó wúwo wà nísàlẹ̀. Ó ṣí akoto lórí mi. Ó gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ó dúró, ó gbéra, ó yí po lókè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì tún un gùn nítorí àwọn tí ò rí i dáadáa. O mọ̀ bí mo ṣe mọ̀ pé kí n tó fẹ́ ẹ, ọdún mẹ́ta ló fi gun alùpùpù ilé ìwòsàn kiri àwọn abúlé orí òkè, tó ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára nínú kúlà. Báwo ni mo ṣe gbàgbé? Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ń ṣàlàyé jíà fún un, kò sì dá mi lóhùn rí ju “ẹ ṣeun” lọ.

Màámi pàtẹ́wọ́ títí, wọ́n wá kọjú sí mi: “Ìyàwó mi ló máa wà á. Ìwọ, lọ jókòó sẹ́yìn, kí o sì di nǹkan mú lọ́tẹ̀ yìí.”

Ọjọ́ méjì ni mo fi bínú. Mo ní mi ò lọ mọ́, pé ọkùnrin kì í jókòó sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ wọ ìlú àwọn alálùpùpù. Ìyàwó mi ò bá mi jà. Ó kàn béèrè pé, “Olówó orí mi, tí ẹ ò bá lọ, ta ló máa bá mi gbé báàgì wọ òtẹ́ẹ̀lì?” Lọ́jọ́ kẹta, ó ní ká jọ gùn ún dé etí odò wò. Mi ò mọ ibi tí mo máa fọwọ́ sí. Ó fa ọwọ́ mi méjèèjì, ó fi wọ́n yí ìbàdí ara rẹ̀ ká. Tíṣà, ó pẹ́ tí mo ti di ìyàwó mi mú fún odindi wákàtí kan lójú ayé. Bí mo bá ń gùn ún fúnra mi, ihò ojú ọ̀nà nìkan ni mo máa ń rí. Ṣùgbọ́n níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn ìyàwó mi, mo rí ẹyẹ, mo rí omi, mo rí òrùlé tí mo kàn fún dókítà eyín, mo sì rí i pé ó tẹ̀ sápá òsì díẹ̀. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nínú akoto, ó ní kí n jọ̀ọ́ dákẹ́. Afínjú ti bẹ̀ mí gba àpótí náà, aṣọ ìnura ló ń kó sínú dúrọ́ọ̀ ìbọ̀sẹ̀.

Nítorí náà, à ń bọ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ̀ ni pé bí o bá rí wa lóríta, má rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rín bá fẹ́ pa ọ́, pa gíláàsì akoto rẹ dé kí o tó rín in. Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, àwa méjì ti ṣe tiwa fún ọgbọ̀n, mi ò fẹ́ kó parí sí ilé epo.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Mi ò ní kí o bá mi kí ìyàwó rẹ, nítorí òun àti ìyàwó mi ti lo wákàtí méjì lórí fóònù lánàá. Mo gbọ́ tí wọ́n ń jíròrò nípa òkè ẹ̀yìn ilé ìwé yín, bó ṣe ga tó, àti ibi tó yẹ kí èèyàn ti dúró lórí rẹ̀. Màámi náà gbà á sọ. Ìwọ tí o ti ń ṣètò ìdánwò fún ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ yìí wá, Sátidé yìí ni tìrẹ, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹrù lẹ́yìn. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ rárá. Mi ò sì sọ ọ́. Mo kọ ọ́ ni.

Èmi ni, tìrẹ tọkàntọkàn láti ìjókòó ẹ̀yìn,

Káfíńtà.